Ta Ni Yóò Ṣílẹ̀kùn fún Ẹni Tí Kò Wò Ó Rí? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Jíjí Eré Àtijọ́ Dìde lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òṣèré àti òǹkọ̀tàn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà yín wá, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó.

Kókó tí wọ́n fún mi ni bí èèyàn ṣe lè jí eré ńlá àtijọ́ kan dìde lórí tẹlifíṣọ̀n, tí kò fi ní dà bí òkú tí wọ́n wọṣọ fún, tí kò sì ní di nǹkan mìíràn pátápátá. Níbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ̀n ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: báwo ni ti àtijọ́ tí a máa dá sí ṣe pọ̀ tó, báwo sì ni tuntun tí a máa mú wọlé ṣe pọ̀ tó? Mi ò gbà pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Eré tó bá ti pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà kó tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó wà láàyè, òun fúnra rẹ̀ ti fi ohun tó lè bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ tí kò ní kú hàn wá, ó sì ti fi ohun tí kò jẹ́ kó bọ́ láé hàn wá. Ẹni tó fẹ́ jí i gbọ́dọ̀ lọ wo ìyẹn kó tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú The Village Headmaster, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa Nàìjíríà. Alàgbà Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá a sílẹ̀. Ó wọ tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1988. Òṣèré mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jẹ́ Hẹdimásítà nínú rẹ̀: Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe é, Fẹ́mi Robinson tẹ̀ lé e, Justus Esiri sì ni ẹ̀kẹta. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe eré náà yí padà lẹ́ẹ̀mejì, eré kò sì wó. Ṣùgbọ́n ta ló lè fojú inú rí Kábíyèsí Ọlọ́jà kó má rí Déjùmọ̀ Lewis? Ta ló lè ronú kan Olóyè Ẹlẹ́yinmi láìrí Fúnṣọ́ Adéolú, tí wọ́n padà wá jọba lóòótọ́, tí wọ́n di Aláyé Òde Rẹ́mọ? Ìbídùn Allison sì ni Àmẹ́bọ, tí gbogbo Nàìjíríà wá ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ọ̀rọ̀ kiri.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, pé ta ló lè ṣe bíi Justus Esiri lónìí, kò sí ní ipò àkọ́kọ́. Ìlú Ọjà, níbi tí eré náà ti ń ṣẹlẹ̀, ni kò yí padà. Abúlé kan ni, níbi tí Bassey Okon, Tíṣà Garuba àti Ẹlẹ́yinmi ti jọ ń gbé, tí wọ́n ń bá ara wọn fa wàhálà, tí gbogbo wàhálà náà sì ń padà sí ààfin kan ṣoṣo. Ẹ yọ ààfin yẹn kúrò, ẹ yọ onírúurú ẹ̀yà yẹn kúrò, ẹ fi ẹni tó jọ Justus Esiri bí ìbejì síbẹ̀: kò sí The Village Headmaster mọ́.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí iṣẹ́ àjíǹde tó yé mi jù lọ. Eré náà ni Doctor Who, tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tí kì í ṣe ọmọ ayé tiwa yìí, ń wọ inú àpótí aláwọ̀ búlúù kan tó ń gbé e láti ìgbà dé ìgbà, láti ayé dé ayé. Inú àpótí náà tóbi ju ìta rẹ̀ lọ fíìfíì. Nígbà tó di 1966, ara William Hartnell tó ń ṣe Dókítà kò le mọ́. Dípò kí wọ́n pa eré náà tì, àwọn tó ń ṣe é pinnu pé tí ikú bá fẹ́ mú ẹ̀dá yìí, ara rẹ̀ lè yí padà di ti ẹlòmíràn. Bí Patrick Troughton ṣe gba ipò nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ń ṣe bíi bàbá àgbà oníkanra, èyí ń ṣe bí aláwàdà, síbẹ̀ Dókítà kan náà ni. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ilé wọn bá ní egúngún. Ẹni tó wà nínú ẹ̀kú ń yí padà láti ìran dé ìran, wọ́n ń rán aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀kú náà lọ́dọọdún, baba ló ṣì ń jáde.

Nítorí náà, nígbà tí BBC dá eré yìí dúró ní 1989, ẹni tó bá fẹ́ jí i ti ní ìdáhùn nílẹ̀. Ojú Dókítà lè lọ. Àpótí kò lè lọ. Orin ìbẹ̀rẹ̀ tí Ron Grainer kọ, tí Delia Derbyshire fi ẹ̀rọ gbé jáde lọ́nà tí etí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà náà, kò lè lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlérí tó wà nídìí gbogbo rẹ̀, pé ibi tí ilẹ̀kùn àpótí náà ṣí sí lánàá kọ́ ló máa ṣí sí lónìí.

Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ní 1996, fíìmù kan ṣoṣo fún tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti BBC jọ ṣe. Paul McGann ni Dókítà, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí eré náà ṣe wọlé. Ohùn kan kọ́kọ́ ròyìn ọ̀tá kan tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní ayé kan tó ń jẹ́ Skaro. Lẹ́yìn ìyẹn la rí Dókítà, ìyẹn Sylvester McCoy tó ṣe é kẹ́yìn ní 1989. A ò tíì mọ̀ ọ́n dunjú tí ìbọn fi bà á ní San Francisco, ó kú sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, ó sì di ẹlòmíràn. Ẹni tó ti ń wo eré yìí láti kékeré á pàtẹ́wọ́. Ẹni tí kò wò ó rí á máa béèrè pé ta ni ti àkọ́kọ́ yẹn, ta sì ni èyí, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ wọn? Òǹwòran pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà, fíìmù kan ṣoṣo náà ló sì mọ sí. Àwọn tó ṣe é fẹ́ràn eré náà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ọ̀hún ló pọ̀ débi pé wọn ò rántí pé àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2005 ni eré náà padà dé lóòótọ́. Russell T Davies ló kọ ọ́, Cardiff ní ilẹ̀ Wales sì ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀dọ̀ Dókítà kọ́ ni apá àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Aago dún láàárọ̀, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tó ń jẹ́ Rose jí ní fúláàtì wọn ní London, ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńlá kan. Ilẹ̀ ṣú, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé. Àwọn ère tí wọ́n ń wọṣọ fún ní ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í mira, wọ́n ká a mọ́ ara ògiri. Ọwọ́ kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ohùn kan ní kó sáré. Ìgbà yẹn la tó rí Christopher Eccleston nínú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, tó ń fi ohùn àwọn ará àríwá Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Kò sí ohun kan tí a mọ̀ tí Rose kò mọ̀. Àwọn ère yẹn kì í sì í ṣe tuntun, wọ́n ti wà nínú eré náà láti 1970. Àwọn àgbà tó ń wò ó mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀, inú wọn dùn, ẹ̀rù sì ba àwọn ọmọ wọn tó jókòó tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó dá eré dúró láti ṣàlàyé ìtàn wọn. Èèyàn tó wo apá yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì tó mílíọ̀nù 10.8.

Ohun tó tún wú mi lórí ju ìyẹn lọ ni bó ṣe fi ìwọ̀nba ìwọ̀nba bu àṣírí àtijọ́ fún wa. Ní apá kejì ni Dókítà tó sọ pé ayé tí òun ti wá ti jóná nínú ogun, pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Apá kẹfà ni a tó rí Dalek, ẹ̀dá kan tó ń gbé inú ìkarahun irin tí kò lẹ́sẹ̀, ọ̀tá tí orúkọ rẹ̀ lókìkí ju gbogbo ọ̀tá Dókítà lọ. Pé Dókítà lè yí ara padà ńkọ́, tó jẹ́ àràmàǹdà tó gbajúmọ̀ jù nínú eré náà? Òpin apá kẹtàlá ni, nígbà tí Eccleston ń lọ tí David Tennant ń bọ̀. Ohun tí fíìmù 1996 dà lé òǹwòran lórí kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ ni Davies fi pa mọ́ títí ọdún eré náà fi parí, nígbà tí Dókítà yẹn ti di ti àwọn òǹwòran tuntun, tí omi lè bọ́ lójú wọn nítorí rẹ̀.

Ẹ sì wo ọgbọ́n tó wà nínú ogun tí mo mẹ́nu kàn yẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni eré náà fi kó ìtàn jọ nípa ìlú Dókítà, àwọn aṣòfin rẹ̀, aṣọ oyè wọn, òfin wọn. Ẹrù ni. Davies kò sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ di ohun tí ogun jẹ. Ẹni tuntun kò ní láti mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí kò sí mọ́. Ẹni àtijọ́ kò lè sọ pé wọ́n ta òun nù, nítorí ọ̀fọ̀ rẹ̀ wà lójú Dókítà nínú gbogbo apá. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ohun kan ṣoṣo tẹ́ ọmọ ilé àti àlejò lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ sídìí Dalek yẹn. Láti 1963 ló ti ní apá kan tó jọ rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣí ihò omi ìdọ̀tí tó bá dí. Wọ́n ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ fún ogójì ọdún. Wọ́n tún máa ń sọ pé kò lè gun àtẹ̀gùn, pé ẹni tó bá ti sá gòkè ti bọ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ẹlẹ́yà máa pààrọ̀ apá yẹn, á fi ìbọn tuntun síbẹ̀, á fún un lẹ́sẹ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ Dalek kan ṣoṣo ni wọ́n gbé jáde, tí wọ́n fi ṣẹ́ńjì dè mọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ olówó ará Amẹ́ríkà kan. Ọkùnrin kan fi rọ́bà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Rọ́bà náà bo ojú ọkùnrin ọ̀hún, ó sì pa á. Nígbà tó yá, àwọn tó ń sá fún un gun àtẹ̀gùn, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rò pé ó ti tán. Dalek náà fò sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wọn bọ̀. Wọn ò yí àwòrán rẹ̀ padà. Wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí apá yẹn lè ṣe tí ẹnikẹ́ni kò tíì rò ó dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ eré, tí ẹ bá rí ohun tí ayé ti ń fi rẹ́rìn-ín lára eré àtijọ́, ẹ má yára sọ ọ́ nù.

Ní 2006 wọ́n mú Elisabeth Sladen padà, tó ti bá Dókítà rìn láàárín 1973 sí 1976. Wọn ò mú un padà kí àwọn àgbà lè pariwo ayọ̀ lásán. Ó wá bi Dókítà ní ìbéèrè tí eré àtijọ́ kò jẹ́ bi í: o fi mí sílẹ̀, mo dúró dè ọ́ títí, kí ló dé tí o kò padà wá? Rose sì wà níbẹ̀, ó gbọ́, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tòun náà nìyẹn lọ́la. Àgbà òṣèré wúlò nígbà tó bá ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ eré tuntun.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó jí Dallas dìde ní 2012 gbé òdìkejì ọ̀nà yìí gbà, lójú tèmi. Larry Hagman ni J.R., bàbá olówó epo inú eré náà, nínú ti 1978 sí 1991, tí ilé wa náà wò. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọlé, wọ́n ní ìtàn wọn ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá ni ojú gbogbo èèyàn wà. Hagman kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di 2014, eré náà ti kógbá sílé.

Mo padà sí Ọjà. Wálé Adénúgà àti NTA ti gbé The Village Headmaster padà láìpẹ́ yìí pẹ̀lú orúkọ tuntun, iṣẹ́ yẹn sì ṣì súnmọ́ wa jù fún ìdájọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dé ìlú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1968, àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀dọ́. Nílùú kékeré nígbà náà, hẹdimásítà ló ń bá ìyá arúgbó ka lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ kọ láti Èkó, òun ló ń bá a kọ èsì. Tí ìjọba bá fi ìwé ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Tó bá ń kọjá lọ, ọmọdé á fi eré pamọ́, bàbá ọmọ náà á dìde kí i. Ibi tí agbára rẹ̀ ti wá nìyẹn, eré náà kò sì ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lónìí, ọmọ ìyá arúgbó yẹn ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ilé ìwé aládàáni wà ní ìkóríta. Òbí ń lọ bá tíṣà jà nínú kíláàsì nítorí pé ó na ọmọ òun. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé hẹdimásítà wọlé, gbogbo ìlú sì dìde, àwọn òǹwòran máa mọ̀ pé irọ́ ni. Tí ẹ bá sì sọ ọ́ di ọ̀gá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ti kọ eré mìíràn nìyẹn.

Àpótí búlúù Dókítà bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ní 1963, àpótí tẹlifóònù àwọn ọlọ́pàá ni, ó wà lójú títì ní London, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú un: kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di 2005, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wo eré náà kò fojú kan irú rẹ̀ rí. Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí Rose béèrè ohun tó jẹ́, Dókítà sì dá a lóhùn pé àpótí tẹlifóònù ayé ọdún 1950 ni, òun kàn fi ń bojú ni. Ó tán. Ohun tí kò yàtọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun ìyanu.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ní Ọjà béèrè lọ́wọ́ hẹdimásítà pé: sà, kí lẹ wà fún? Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dun hẹdimásítà. Ẹ jẹ́ kí Kábíyèsí, tí ọ̀wọ̀ tirẹ̀ kò tíì lọ tó bẹ́ẹ̀, máa wò ó láti ààfin. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin méjì yẹn, ẹni tí ayé ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹni tí ayé ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún, lè gbé ọ̀pọ̀ apá, láìjẹ́ pé a fi òfin Ọjà kankan sílẹ̀.

Ẹnì kan á tún ní kí a ṣe é ní Yorùbá látòkèdélẹ̀, nígbà tí ọjà eré Yorùbá ti gbòòrò báyìí. Mo fẹ́ràn èdè wa bó ṣe yẹ, mi ò sì fara mọ́ èyí. Ibi tí Bassey Okon àti Garuba bá ń gbé, èdè gbọ́dọ̀ dàpọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Yorùbá ààfin jinlẹ̀ sí i ju ti àtijọ́ lọ, kí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ fi pidgin sílẹ̀ lójú pópó.

Ewu kan ṣẹ́ kù tí àwọn tó ń jí eré dìde kì í rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Eré tí a jí á tún darúgbó. Ní 2025, Davies kan náà ló ń darí Doctor Who, Ncuti Gatwa tí wọ́n bí ní Rwanda ni Dókítà, wọ́n sì parí eré ọdún náà pẹ̀lú ọ̀tá méjì tó ti wà láti 1985 àti láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó bá béèrè ta ni wọ́n, àlàyé gùn ju eré lọ. Ó dùn mí, nítorí ọwọ́ kan náà ló ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn hàn wá ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, Inua Ellams, akéwì ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Jos, kọ apá kan tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Èkó. Àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n ń gẹrun, wọ́n ń pa ìtàn, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà kò sì ṣí sí Èkó mọ́. Ìlérí 1963 nìyẹn gan-an, ní ibi tí eré náà kò dé rí. Ẹni tí kò wo Doctor Who rí lè jókòó síbẹ̀, kó sì mọ ohun tó ń lọ.

Gbogbo ohun tí mo sọ dúró lórí pé a lè rí eré àtijọ́ wò. BBC fúnra rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ fọ́nrán rẹ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, apá Doctor Who tó ju àádọ́rùn-ún lọ ló bá a lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ohùn rẹ̀ sọnù, nítorí àwọn òǹwòran nínú ilé ara wọn gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbà wọ́n sílẹ̀. A nílò irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fún Ọjà. Bóyá bàbá yín tàbí àǹtí yín fi fídíò ká eré sílẹ̀ láyé 1980. Ẹ wò ó nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wò ó lórí àjà. Ìwé eré tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ náà wúlò, kódà bó bá ti ya. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́nrán tí èbu ti hù lára rẹ̀, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ láti dán an wò, torí ó máa ń já. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún bó ṣe wà.